Sámọ́nù Òkun Atlántíìkì: Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí àti Ìdáhùn Wọn

Ìlú Aberdeen ni mò ń gbé, ní àríwá ìlà-oòrùn Skọ́tláńdì. Iṣẹ́ epo rọ̀bì ló kó púpọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá débẹ̀. Odò méjì ló gba ìlú náà kọjá wọ òkun, Dee àti Don. Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn tó ń gbin igi létí odò Dee ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé ni àwọn ará ilé, ará ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń bi mí ní ìbéèrè lórí ẹja kan ṣoṣo. Mo kó wọn jọ síbí kí n lè fara balẹ̀ dáhùn.

Ẹja wo gan-an lẹ ń sọ? Ṣé sámọ́nù inú agolo yẹn náà ni?

Rárá o. Èyí tó pọ̀ jù nínú agolo, sámọ́nù Òkun Pàsífíìkì ni, irú èyí tí wọ́n ń pa ní Alaska. Ìbátan ni wọ́n, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Tèmi ni Salmo salar, orúkọ tí onímọ̀ ẹ̀dá Linnaeus fún un ní 1758. Inú odò tó ń ṣàn wọ Òkun Atlántíìkì ni wọ́n ti ń bí i, láti Portugal àti Spain títí dé Nọ́wè àti Rọ́ṣíà, àti ní òdìkejì òkun, láti ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà títí dé àríwá Kánádà. Kò sí i nínú odò kankan nílé wa. Omi tútù ló ń gbé.

Ṣùgbọ́n ó kún súpámákẹ́ẹ̀tì! Báwo lẹ ṣe ní ó ń tán?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù, òun náà ló sì ń dùn mí jù, torí ó ń jẹ́ kí ìparun yìí fara pamọ́ lójú gbogbo ayé. Sámọ́nù tí ẹ ń rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹja ọ̀sìn ni. Inú àwọ̀n ńlá tí wọ́n so mọ́ ojú òkun ni wọ́n ti ń fi oúnjẹ oníhóró bọ́ ọ, ní Nọ́wè, ní Chile, ní ìwọ̀-oòrùn Skọ́tláńdì. Bí adìẹ àgùrìkì bá kún ọjà Bódìjà, ìyẹn kò ní kí àparò ṣì wà nínú igbó. Sámọ́nù àdánidá, èyí tó ń bí ara rẹ̀, tó ń wá oúnjẹ ara rẹ̀, òun ló ń lọ.

Báwo ló ṣe ń gbé ayé rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi níbí, torí ẹni tí kò bá mọ ìrìn àjò ẹja yìí kò lè mọ ibi tí wàhálà rẹ̀ wà.

Nígbà tí ọyẹ́ bá ń mú nílé, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní, abo sámọ́nù á fi ìrù rẹ̀ gbẹ́ kòtò sínú òkúta wẹ́wẹ́ ní òkè odò, níbi tí omi ti mọ́ tó sì ń sáré. Á yé ẹyin sínú rẹ̀, akọ á da àtọ̀ lé e, abo á sì tún fi òkúta bò ó. Ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni o. Òtútù ni yóò tọ́ wọn títí ìgbà tí ewé bá ń yọ. Ọmọ tó jáde á kọ́kọ́ gbé oúnjẹ tirẹ̀ sábẹ́ ikùn bí àpò, lẹ́yìn náà ló máa jáde láti inú òkúta wá máa mú kòkòrò jẹ.

Àwọn Skọ́tì ń pe ọmọ ẹja yìí ní parr. Àmì dúdú tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi ìka ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ní Dee, ó máa ń lo bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta nínú odò, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí omi bá ti tutù gan-an. Nígbà tó bá gùn tó bí àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú ìka, nǹkan ìyanu kan máa ń ṣẹlẹ̀. Ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dán bí fàdákà, inú ara rẹ̀ á yí padà kó lè gba omi iyọ̀, òun tó ti ń kọjú sí ìṣàn omi látọjọ́ tí wọ́n ti bí i á sì yí orí padà sí òkun. Smolt ni orúkọ rẹ̀ nígbà yẹn. Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni wọ́n ń jáde, lóru ni púpọ̀ nínú wọn ń rìn.

Láti ibẹ̀ ó di Òkun Nọ́wè. Àwọn kan á lọ títí dé ìwọ̀-oòrùn Grínlándì, ìrìn tó ju 3,000 kìlómítà lọ láti Aberdeen. Wọ́n á jẹun níbẹ̀ fún ọdún kan, méjì tàbí mẹ́ta, ẹja tí kò wúwo tó ẹyin adìẹ kan lọ́jọ́ tó jáde á sì padà ní kílò púpọ̀. Láti ìgbà tó bá ti wọ odò, kò ní jẹun mọ́. Ọ̀rá tó kó láti òkun ló máa fi gun odò, tó máa fi fò lórí òkúta, tó máa fi yé ẹyin. Púpọ̀ ń kú lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá akọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn kan tún ń gun òkun lẹ́ẹ̀kejì.

Báwo ló ṣe ń mọ ọ̀nà ilé?

Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko, ẹja yìí sì gbà á gbọ́ ju àwa lọ. Òórùn ni. Kó tó kúrò nínú odò, ó ti kó òórùn omi ibẹ̀ sórí, ìyẹn òórùn òkúta rẹ̀, ewé rẹ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀. Lójú agbami, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbà pé agbára òòfà ilẹ̀ ayé ló ń tọ́ ọ sọ́nà, bíi kọ́ńpáàsì. Tó bá ti sún mọ́ etíkun, imú ló kù.

Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni pé odò kọ̀ọ̀kan ní ìdílé sámọ́nù tirẹ̀, tí ìran dé ìran ti sọ di ọmọ odò yẹn. Ti Dee kì í ṣe ti Tay, odò Skọ́tláńdì mìíràn. Bí ti odò kan bá run, kò sí ibi tí èèyàn ti lè lọ ra òmíràn tó máa bá a mu gẹ́lẹ́.

Ṣé lóòótọ́ ló ń tán?

Ní oṣù kejìlá 2023, àjọ IUCN, tó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu sílẹ̀, yọ sámọ́nù Atlántíìkì kúrò láàárín àwọn tí kò sí ìbẹ̀rù fún, wọ́n sì gbé e sáàárín àwọn tó ń sún mọ́ ewu. Iye rẹ̀ lágbàáyé ti fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù láàárín 2006 sí 2020. Ní Bìrìtéènì fúnra rẹ̀, wọ́n ní ó ti wà nínú ewu ìparun. Ní Skọ́tláńdì, 2023 ni ọdún tí wọ́n fi ìwọ̀ mú èyí tó kéré jù látìgbà tí àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Ní oṣù kẹfà 2024, ìjọba Nọ́wè ti odò 33 pa lójijì, wọ́n ní kí apẹja kankan má ṣe débẹ̀, torí ẹja tó padà ti kéré jù. Nọ́wè ni mo sọ yẹn o, ilé sámọ́nù gan-an.

Kí ló ń pa á?

Kì í ṣe ohun kan. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkun. Nínú ọgọ́rùn-ún smolt tó bá jáde ní ọ̀pọ̀ odò Skọ́tláńdì lónìí, kì í tó márùn-ún tó ń padà. Òkun ń gbóná, àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí gbogbo oúnjẹ inú òkun dúró lé lórí sì ń kúrò ní ibi tí sámọ́nù ti mọ̀ wọ́n sí. Ìpẹ́ ẹja ló jẹ́ ká mọ̀. Ìpẹ́ sámọ́nù ní òrùka bíi ti inú igi, èyí tó fẹ̀ ń sọ pé ẹja náà jẹun yó, èyí tó há ń sọ pé ebi pa á. Nígbà tí wọ́n ṣàyẹ̀wò ìpẹ́ tí wọ́n ti kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti odò 180 ní Nọ́wè, wọ́n rí i pé ní nǹkan bíi 2005 ni òrùka ọdún àkọ́kọ́ lókun há lójijì, kò sì tíì padà bọ̀ sípò.

Nínú odò ńkọ́? Ooru. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2018, omi ọ̀pọ̀ odò Skọ́tláńdì kọjá 23 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, níbi tí ara ọmọ sámọ́nù ti ń dààmú. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n ti gé igi òkè odò, àgùntàn àti àgbọ̀nrín sì ń jẹ èyí tó bá fẹ́ hù, nítorí náà oòrùn ń tàn sí omi tààrà. Ẹ fi omi ìdọ̀tí kún un, ajílẹ̀ tí òjò ń gbá láti oko, àti ògiri tí wọ́n mọ dí odò fún ẹ̀rọ ọlọ láyé àtijọ́ tí ẹnì kankan kò lò mọ́, tó sì ṣì wà níbẹ̀.

Ní gúúsù Nọ́wè, òjò tó gbé èéfín èédú láti Bìrìtéènì àti Yúróòpù ló sọ omi odò di kíkan, ẹja ọ̀pọ̀ odò ibẹ̀ sì kú tán pátápátá. Títí di òní ni wọ́n ń da lúbúlúbú òkúta ẹfun sínú àwọn odò kan lójoojúmọ́ kí ẹja lè yè. Ẹ wo iye ìran tó ń san gbèsè èéfín yẹn.

Ṣé kì í ṣe àwọn apẹja ló jẹ ẹ́ tán?

Wọ́n lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ẹjọ́ wọn sì ni ẹjọ́ tí ayé tètè dá. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n ṣàwárí pé ìwọ̀-oòrùn Grínlándì ni sámọ́nù Amẹ́ríkà, Kánádà àti Yúróòpù ti ń pàdé jẹun, ọkọ̀ apẹja sì ya lọ síbẹ̀. Ní 1971, nǹkan bí 2,700 tọ́ọ̀nù ni wọ́n kó níbẹ̀. Ìyẹn ló bí àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Reykjavík ní 1982, tó sì da NASCO sílẹ̀, àjọ tó ń rí sí ìtọ́jú sámọ́nù Àríwá Atlántíìkì. Edinburgh ni oríkò rẹ̀ wà. Àdéhùn yẹn fòfin de ìpẹja sámọ́nù lójú agbami.

Orúkọ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: Orri Vigfússon, ọmọ Áíslándì. Oníṣòwò ni. Ní 1989 ó dá owó àpapọ̀ kan sílẹ̀, North Atlantic Salmon Fund. Kò bá apẹja jà, ó lọ bá wọn dúnàádúrà, ó ra ẹ̀tọ́ àwọ̀n wọn lọ́wọ́ wọn, ó sì ran wọ́n lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ mìíràn. Ó gba ẹ̀bùn Goldman, tí wọ́n ń fún àwọn tó ń tọ́jú àyíká, ní 2007, ó kú ní 2017. Mo fẹ́ràn ọ̀nà rẹ̀ torí kò sọ ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ di ọ̀tá. Ní 2018, ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ àti Atlantic Salmon Federation ti Kánádà tún bá àwọn apẹja Grínlándì ṣe àdéhùn ọdún 12 pé kí wọ́n máa pa ìwọ̀nba tí ilé máa jẹ nìkan.

Kánádà náà ti àwọ̀n ìṣòwò Newfoundland pa ní 1992, Írẹ́láńdì fòfin de àwọ̀n ojú òkun ní 2007, Skọ́tláńdì ṣe tirẹ̀ fún etíkun ní 2016. Nínú ẹja tí àwọn oníwọ̀ ń mú ní Skọ́tláńdì báyìí, ó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí wọ́n ń dá padà sómi láàyè. Síbẹ̀ ẹja kò pọ̀ sí i bí a ti retí. Àwọ̀n ti kúrò nílẹ̀, àwọn ìṣòro yòókù kò kúrò.

Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe ń mọ ibi tó ń kú sí? Òkun ṣáà tóbi.

Mo ti sọ ti ìpẹ́. Àwọn odò kan tún wà tí wọ́n ti ń ka ẹja wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Girnock, odò kékeré kan tó ń ṣàn wọ Dee, láti 1966 ni wọ́n ti ń ka gbogbo ẹja tó wọlé àti èyí tó jáde. Iṣẹ́ sùúrù ni, kò sì gba ariwo.

Ọ̀nà tuntun ni ẹ̀rọ tí kò ju hóró oògùn lọ, tí wọ́n ń fi sínú ikùn smolt. Ó ń dún nínú omi ní ohùn tí etí èèyàn kò lè gbọ́. Wọ́n á wá to ẹ̀rọ agbóhùn sínú odò àti ẹnu òkun, èyí tí ẹja bá kọjá lẹ́bàá rẹ̀ á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2019, ẹgbẹ́ ìtọ́jú Atlantic Salmon Trust àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn fi irú ẹ̀rọ yìí sínú nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ smolt láti odò méje tó ń ṣàn sí apá òkun tí wọ́n ń pè ní Moray Firth, ní àríwá ibi tí mò ń gbé. Nǹkan bí ìdajì wọn kò dé òkun rárá. Inú odò ni wọ́n ti sọnù.

Ọ̀rọ̀ yẹn yí èrò ọ̀pọ̀ èèyàn padà, tèmi náà wà níbẹ̀. A ti máa ń nawọ́ sí òkun, ibi tí apá wa kò ká. Odò rèé, ẹ̀yìnkùlé wa ni. Bí apá kò bá ká ikú inú òkun, kí á rí i pé smolt tó ń dé òkun pọ̀, pé ara wọn le, pé kò sí ohun tó dínà fún wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ìtọ́jú yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ò kúkú tọ́jú ẹyin rẹ̀ nílé, kí ẹ wá da ọmọ ẹja sódò bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹja àrọ̀?

Bó ṣe rọrùn láti rò nìyẹn, ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sì ti fi gbìyànjú rẹ̀. Fún odò Connecticut ní Amẹ́ríkà, láti 1967 ni wọ́n ti ń da ọmọ ẹja sí i, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọmọ ẹja. Ní 2012 ni ìjọba àpapọ̀ jáwọ́, torí èyí tó ń padà kò tó nǹkan. Ní odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, sámọ́nù ti parẹ́ láti 1833. Wọ́n dá ọmọ ẹja padà sí i láti ìparí àwọn ọdún 1970, inú sì dùn nígbà tí àgbà ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìwádìí àbùdá tó jáde ní 2011 wá fi hàn pé àwọn tó wọlé lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn kì í ṣe ọmọ àwọn tí wọ́n dà sódò. Àlejò ni wọ́n, láti àwọn odò mìíràn ní gúúsù Ìńgíláǹdì. Omi tó mọ́ ló pè wọ́n.

Ọmọ tí a tọ́ nínú agbada kò mọ ọ̀tá, kò mọ ìṣàn omi, kò sì jà fún oúnjẹ rí. Ibì kan wà tí mo ti gbà pé ó tọ́, níbi tí ìdílé odò kan bá fẹ́ parẹ́ pátápátá. Ní Bay of Fundy ní Kánádà, wọ́n ń mú smolt inú odò, wọ́n ń tọ́ wọn dàgbà nínú àwọ̀n lókun ní erékùṣù Grand Manan, wọ́n wá ń dá àgbà ẹja padà kí wọ́n fúnra wọn yan ìyàwó, kí wọ́n fúnra wọn yé ẹyin sínú òkúta. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Fort Folly wà nídìí iṣẹ́ yẹn.

Ṣé ó dáa kí wọ́n máa wó dáàmù?

Níbi tí ó bá ṣeé ṣe, bẹ́ẹ̀ ni. Ní odò Penobscot ní Maine, àwọn ọmọ onílẹ̀ Penobscot, àwọn ẹgbẹ́ ìtọ́jú àti iléeṣẹ́ iná mànàmáná jókòó pọ̀. Wọ́n wó dáàmù Great Works ní 2012, wọ́n wó Veazie ní 2013, wọ́n la ọ̀nà odò yí dáàmù Howland ká, wọ́n sì mú iná tí wọ́n ń rí pọ̀ sí i ní àwọn dáàmù tó kù kí ìlú má bàa pàdánù. Ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní alewife, tí kò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀, kọjá mílíọ̀nù kan láàárín ọdún díẹ̀. Sámọ́nù ń padà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, púpọ̀ nínú wọn ṣì jẹ́ ọmọ tí a fi ọwọ́ tọ́. Mi ò ní parọ́ fún yín.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹja ọ̀sìn?

Méjì ló ń bà mí lẹ́rù. Èkíní ni iná òkun, kòkòrò tó ń lẹ̀ mọ́ ara sámọ́nù bí iná orí ti ń gbé inú irun. Níbi tí ọ̀kẹ́ àìmọye ẹja bá ti há sínú àwọ̀n, kòkòrò náà á pọ̀ jaburata, smolt tó ń kọjá lọ á sì kó o. Ẹyọ mẹ́wàá lè pa smolt kan.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ, torí kò ṣeé fọ̀ kúrò. Ẹja ọ̀sìn ń já àwọ̀n, ó ń wọ odò, ó sì ń bá ti àdánidá gùn. Ní odò Burrishoole ní Írẹ́láńdì, àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé ọmọ àwọn méjèèjì láti inú ẹyin títí wọ́n fi padà láti òkun. Bí ọgọ́rùn-ún ọmọ àdánidá bá yè é, ti ọ̀sìn kì í ju méjì lọ, ti àdàlù sì wà láàárín. Ní Nọ́wè, nínú nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìdílé odò tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ ẹja ọ̀sìn. Ní Áíslándì ní 2023, bí 3,500 sá jáde lẹ́ẹ̀kan, títí wọ́n fi pe àwọn òmùwẹ̀ láti Nọ́wè pé kí wọ́n wá máa fi ọ̀kọ̀ gún wọn nínú odò. Kí wọ́n gbé ọ̀sìn náà sínú agbada tó dé pinpin, ì báà jẹ́ lórí ilẹ̀, ni mo ń bẹ̀ fún.

Mo gbọ́ pé wọ́n da májèlé sódò ní Nọ́wè. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ó sì nídìí. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò rí, Gyrodactylus salaris, bá ẹja láti Sweden wọ Nọ́wè, wọ́n rí i ní 1975. Ó ń pa parr tán nínú odò. Ó wọ odò tó lé ní 50. Ọ̀nà tí wọ́n ń lò jù ni láti pa gbogbo ẹja odò náà kí kòkòrò má baà ní ilé mọ́. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n á kó irú ẹja odò yẹn pamọ́ láàyè, àtọ̀ rẹ̀ á wà nínú òtútù líle, iṣẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti 1986. Bí omi bá mọ́, wọ́n á dá wọn padà sílé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn odò yẹn ti bọ́ lónìí. Torí ìdí yìí ni wọ́n fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí bàtà òjò àti ohun ìpẹja yín gbẹ dáadáa kí ẹ tó gbé e láti odò ilẹ̀ kan lọ sí ilẹ̀ mìíràn.

Kí ló wá kan ọmọ Yorùbá nínú èyí?

Nílé, àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ dáàmù Kainji mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹja Ọya lẹ́yìn 1968. Ohun tí odò máa ń sọ nígbà tí a bá dí i kò yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Fún àwa tí a wà ní Aberdeen, omi Dee là ń mu. Ọmọ wa ń ṣeré létí rẹ̀. Igi tí à ń gbìn ní òkè odò, bíi birch àti willow, kí ìbòòji wọn lè mú kí omi tutù, ọdún tó ń bọ̀ kọ́ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ Aberdeen, tí wọ́n ń pe èmi ní Bọ̀dá, ni yóò rí ìbòòji náà.

Ṣé mo lè fi ìwọ̀ mú u ní Dee?

Ẹ má dán an wò láìgba ìwé àṣẹ. Ní Skọ́tláńdì, ẹ̀tọ́ láti pa sámọ́nù ní ẹni tó ni ín, ì báà jẹ́ pé odò náà gba àárín ìlú kọjá. Ẹ̀sùn ọ̀daràn ni láti pẹja rẹ̀ láìsí ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ẹ̀tọ́ náà. Wọn kì í pẹja rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ta èyí tó fi ìwọ̀ mú. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta sámọ́nù odò fún yín lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ má rà á.

Níbo ni mo ti lè fi ojú ara mi rí i?

Ní Pitlochry, wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn omi oní-kòtò 34 sí ẹ̀gbẹ́ dáàmù kí ẹja lè gùn ún kọjá, ibẹ̀ sì dára fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n Afárá Feugh ní Banchory ni mo yàn, kò jìnnà sí Aberdeen, bọ́ọ̀sì ń lọ. Ẹ lọ láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, lẹ́yìn òjò, nígbà tí omi bá kún tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹ wọ kótù tó nípọn. Ẹ dúró lórí afárá, ẹ tẹjú mọ́ ìfófó omi funfun lábẹ́ òkúta apá òsì, ẹ má na fóònù yín síwájú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ó pẹ́ tó wákàtí kan kí èkíní tó fò. Ó lu òkúta, ó ṣubú padà. Ìgbà kẹrin ló gbà á kọjá, ìyá kan tí n kò mọ̀ rí tó dúró tì mí sì di ọwọ́ mi mú.